Ìyá Múfú àti Ọkọ̀ Tí Wọn Ò Ṣe Mọ́

Ìyá àgbà mi kórìíra ohunkóhun tó bá fún. Aṣọ tó fún, àga tó fún, ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn máa fi gbà wọlé, kò sí èyí tí wọn kì í bá jà. Nígbà kan, télọ̀ kan ní Ìdèrè rán bùbá fún wọn nítorí ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn. Wọ́n wọ bùbá náà, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, abẹ́ apá sì ya fàà. Télọ̀ ní kí wọ́n má bínú, pé bí wọ́n ṣe ń rán an lóde òní nìyẹn. Ìyá àgbà mi wo ara wọn nínú dígí, wọ́n wo télọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ara mi ò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí wọ́n fi máa tì í mọ́lé."

Rábíátù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Múfú ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí Múfútáù, àkọ́bí wọn, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Èmi ni Àdùkẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, láti ìgbà tí wọ́n já mi lẹ́nu ọmú títí mo fi parí iléèwé girama ní Erúwà. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ìgbó-Ọrà báyìí. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi ayé sílẹ̀, nínú oorun ọ̀sán, lórí ẹní wọn. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi wá kí mi, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè pé irú èèyàn wo ni ìyá àgbà mi. Mo la ẹnu pé kí n sọ̀rọ̀ nípa ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló jáde.

Atukọ̀ ni wọ́n. Abà wa wà létí odò Ògùn, oko ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ sì wà ní òdìkejì. Bí òjò bá ti rọ̀ tí odò kún, kò sí ẹni tó lè fẹsẹ̀ là á kọjá. Bàbá àgbà mi ló máa ń fi ọkọ̀ igi gbé wọn sọdá. Nígbà tí bàbá kú, àwọn èèyàn rò pé opó á ta ọkọ̀, á lọ máa ta epo. Ìyá àgbà mi parí opó ṣíṣe, wọ́n mú àjẹ̀ tí bàbá fi ń tukọ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Àwọn ọkùnrin kan ní àwọn ò lè wọ ọkọ̀ tí obìnrin ń tù. Ìyá àgbà mi ní kò burú, kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìbínú àwọn ọkùnrin náà lò. Nígbà tí mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù bà wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀rù bà mí. Àmọ́ omi ò bi mí bóyá obìnrin ni mí."

Ọkọ̀ igi yẹn fún, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ rí. Èèyàn á jókòó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn, ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn á máa gún ẹni tó wà níwájú ní bàrá. Nígbà tí ìyá mi ṣì wà ní kékeré, àwọn kan tó ń kan ọkọ̀, tí ilé iṣẹ́ wọn wà létí ọ̀sà, kó ọkọ̀ mẹ́fà wá sí apá ọ̀dọ̀ wa lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan kan tó le bí pákó tó sì fúyẹ́ bí igbá. Ara rẹ̀ funfun lókè, ó sì ní àwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Ikùn rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àgbàlagbà mẹ́jọ á wọ̀ ọ́, apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ mẹ́ta á wọ̀ ọ́, èèyàn á sì tún lè na ẹsẹ̀. Ní imú àti ní ìdí rẹ̀ ni àpótí onídèérí wà, tí omi kì í dé inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó bàtà àwọn ọmọ iléèwé, ìwé wọn, àti ìbòrí tí wọ́n fi ń kírun sí. Àwọn èèyàn ò mọ orúkọ tí àwọn tó ṣe é fún un. Àyè-ń-bẹ ni àwa ń pè é.

Ìyá àgbà mi ta ọkọ̀ igi, wọ́n ta ewúrẹ́ mọ́ ọn, wọ́n ra ọ̀kan. Àwọn márùn-ún mìíràn ra ìyókù, lókè odò àti nísàlẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni a gbọ́ pé àwọn tó ń kan ọkọ̀ náà ò ṣe é mọ́. Wọ́n ní ó ń gba fáíbà jù, pé ọkọ̀ tóóró ló ń tà. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti di ẹbí.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìfẹ́ yẹn fún ẹni tí kò fojú rí i. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi fà, wọ́n á máa lọ kí ara wọn láti èbúté dé èbúté. Wọ́n á dojú ọkọ̀ dé sábẹ́ igi, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa ikùn rẹ̀, wọ́n á máa rìn yí i ká bí ìgbà tí àna wá wo ìyàwó. Ọ̀kan á ní oje igi ni òun fi dí ojú ibi tó sán. Èkejì á ní irọ́ ni, àfi kí wọ́n yọ́ fáíbà mọ́ fáíbà. Wọ́n lè wà lórí ihò kan ṣoṣo títí oòrùn á fi yí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì wọlé wá kí wa, ìyá àgbà mi á kọ́kọ́ bi í pé, "Ara ọkọ̀ ńkọ́?" kí wọ́n tó béèrè ìyàwó àti ọmọ. Ìyá mi bá wọn wí nígbà kan, ó ní ìyẹn ò dáa. Wọ́n ní, "Bí ara ọmọ ò bá yá, dókítà wà ní Erúwà. Dókítà ọkọ̀ dà?"

Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú wọn ni ẹni tí wọ́n ń bá jà jù. Bàbá Káyọ̀dé ni, tí èbúté tiwọn wà nísàlẹ̀ odò sí wa. Bàbá yìí kan pákó ìjókòó sí àárín Àyè-ń-bẹ tiwọn. Lójú ìyá àgbà mi, kò sí ìwà ìbàjẹ́ tó ju ìyẹn lọ. Àwọn fúnra wọn, orí eékún ni wọ́n máa ń wà láàárín ọkọ̀ tí wọ́n bá ń tù ú, àwọn èrò á sì jókòó sílẹ̀ yí wọn ká. Mo ti gbọ́ ìjà yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ ọ́n bí orin.

"Bàbá Káyọ̀dé, ẹ ra ọkọ̀ nítorí àyè, ẹ wá fi pákó dí àyè."

"Ìyá Múfú, èèyàn kì í ṣe iṣu. Èèyàn a máa jókòó."

"Wọ́n ń jókòó nínú tèmi."

"Wọ́n ń ká jọ nínú tìrẹ bí ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ tó gúnlẹ̀ láyọ̀ sàn ju ọba tó jìn sódò lọ."

Bàbá Káyọ̀dé á kanra, wọ́n á dìde, wọ́n á ní àwọn ń lọ. Wọn kì í lọ. Wọ́n á jẹun tán kí wọ́n tó lọ. Lọ́dún kan, ibà dá wọn dùbúlẹ̀, a sì gbọ́ pé ó le. Ìyá àgbà mi se àgbo sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ní kí n gbé e lọ. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n sọ fún bàbá. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n mu ún tán, kí wọ́n sì tètè dìde. Mi ò lè máa bá ẹni tí kò lè dáhùn jà."

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ wọn, ìbéèrè kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi í: "Ta ló ń dúró dè ọ́ lọ́hùn-ún?" Ọkùnrin oníṣu kan wá láti Ìgàngàn, inú bí i. Ó ní, "Ìyá, ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?" Wọ́n ní rárá o, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni kí àwọn ké sí? Ọkùnrin náà sọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn, àfi bí ẹni tó ń júbà.

Ìbéèrè yẹn ba èmi náà. Ìdánwò àṣejáde girama tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo fìdí rẹmi. Ojú tì mí, mo di aṣọ mi sínú báàgì, mo ní mò ń lọ sí òdìkejì odò láti lọ máa ṣiṣẹ́ oko, pé mi ò ní ṣe ìwé mọ́. Ìyá àgbà mi ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní kí n wọlé. Wọ́n wá bi mí, bí ìgbà tí wọn ò mọ̀ mí rí, "Ta ló ń dúró dè ọ́ lọ́hùn-ún?" Mo ní kò sí ẹnì kankan. Wọ́n tukọ̀ dé àárín odò, wọ́n dá ọwọ́ dúró. Omi ń gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n yí imú ọkọ̀ padà láìwí nǹkan kan, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èbúté kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Èmi ń dúró dè ọ́ nílé. Ibi tí wọ́n ti ń dúró deni lèèyàn ń lọ."

Mo tún ìdánwò náà ṣe.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo ra fóònù tó dáa, mo fi àwòrán àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé hàn wọ́n. Pupa ni, ó gùn, imú rẹ̀ ṣóńṣó, ihò kan ṣoṣo sì ni èèyàn ń bọ́ sí láàárín rẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ni wọ́n fẹ́ fi èyí gbé, ejò?" Bí mo ṣe ń wá èyí tó máa wù wọ́n ni mo rí fọ́tò apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ rẹ̀ funfun lókè, ó ní àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, àpótí onídèérí sì wà ní imú rẹ̀. Igbe tí ìyá àgbà mi ké mú aládùúgbò wọlé. Àyè-ń-bẹ ni.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó ni fọ́tò náà. Ọmọ bàbá apẹja ọ̀hún ni. Láti ìgbà náà, bàbá náà á sọ̀rọ̀ sínú fóònù ọmọ wọn ní Ẹ̀pẹ́, ọmọ á fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á sì gba ohùn ìyá àgbà mi sílẹ̀ padà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò sì fojú kan ara wọn rí. Mo rántí ọjọ́ tí ohùn bàbá náà wá pé, "Màmá, ẹ dákun, tiyín náà ha máa ń kérora tí ẹ bá ń yí i sí apá òsì?" Ìyá àgbà mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n ní, "Ó ń kérora, Bàbá Ẹ̀pẹ́. Èmi rò pé èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ."

Lẹ́yìn náà ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Orí eékún tí wọ́n fi ń tukọ̀ láti ìgbà tí bàbá àgbà mi ti kú ti gba ẹ̀san rẹ̀. Nígbà tó fi máa di òjò ọdún kejì sẹ́yìn, wọn ò lè tukọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Wọ́n sì ti ṣe afárá onípákó kan lókè odò sí abà wa, àwọn ará ọ̀dọ̀ wa ti ń gba ibẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Múfú mú ọkùnrin kan wá láti ìlú, tó ní òtẹ́ẹ̀lì létí ọ̀nà Ìbàdàn. Ọkùnrin náà yìn ọkọ̀ títí. Ó ní òun fẹ́ rà á.

Ìyá àgbà mi ní, "Odò wà ní òtẹ́ẹ̀lì yín?"

"Rárá o, Màmá. Iwájú ilé la máa gbé e sí. A máa da iyẹ̀pẹ̀ sínú ẹ̀, a máa gbin òdòdó."

"Òdòdó," ni ìyá àgbà mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Á rẹwà gan-an."

"Òdòdó," ni wọ́n tún wí, wọ́n sì wọlé lọ dùbúlẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Múfú ò fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní òrùlé ń jò, pé ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ mọ́ kò sàn ju igi ìdáná lọ. Kí n má purọ́, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n sinmi, mo sì rò pé bí ọkọ̀ bá kúrò níwájú wọn, ọkàn wọn á kúrò lára omi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àgbàrá gbé ìtì igi kan wá, ó sì fọ́ ikùn ọkọ̀ Bàbá Káyọ̀dé yángá. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò sí afárá ní apá ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin kan tó rìn yí ká gba ọ̀dọ̀ wa ló ròyìn: àwọn ọmọ ò rí iléèwé lọ mọ́, ẹ̀gẹ́ ń jẹrà lóko, aboyún kan sì wà lọ́hùn-ún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Ìyá àgbà mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, bá mi gbé àjẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá Múfú lé wa dé èbúté. "Màmá, ẹni tí ẹ ti ń bá jà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú lẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ fún?"

Wọ́n ti wọ inú ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó lè torí pákó kan bá mi jà fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, ṣé ó máa gbin òdòdó sínú rẹ̀ ni?"

Àwa méjèèjì la tukọ̀ náà lọ. Mo wà ní imú, wọ́n wà láàárín lórí eékún, wọ́n sì ń payín keke nítorí ìrora. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó, wọn ò gbọ́. Nígbà tí a yọ sí èbúté ìsàlẹ̀, Bàbá Káyọ̀dé dìde lórí òkúta tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n lókèèrè.

"Bàbá Káyọ̀dé, mo gbé e wá."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n wọ inú omi dé orúnkún, wọ́n fi ọwọ́ lé imú ọkọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ìyá Múfú, mi ò ní kan pákó sí i láéláé."

Mo rò pé ìyá àgbà mi á rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bó bá wù yín kí ẹ kàn án. Ẹni tó bá fúnni ní nǹkan tí kò jáwọ́ lára rẹ̀, kò tíì fúnni."

Aboyún náà sọdá lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó nà gbalaja sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀kadà ni èmi àti ìyá àgbà mi gùn padà sílé, wọ́n sì ń ráhùn títí a fi délé pé ìjókòó ọ̀kadà fún.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ní kí ọlọ́kadà gbé àwọn lọ sí èbúté ìsàlẹ̀. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ń lọ bá Bàbá Káyọ̀dé jà. A máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ikú wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo sáré gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo pe àwọn àáfà, èmi ni mo wá aṣọ funfun, èmi ni mo pe Ẹ̀pẹ́. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ò sọ̀rọ̀ sínú ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà. Omi nìkan ni mo gbọ́, tó ń lu ikùn ọkọ̀ wọn. Gbogbo èèyàn sunkún. Èmi ò sunkún. Ìyá mi tilẹ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí.

Sátidé tó kọjá, mo lọ sí èbúté ìsàlẹ̀ láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Káyọ̀dé pé wọ́n wá síbi ìsìnkú. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò dá mi mọ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló wá ń tukọ̀. Wọ́n nawọ́ sí odò. Ọkọ̀ ń bọ̀ láti òdìkejì, ó kún fún èrò, ọmọbìnrin kan sì wà lórí eékún láàárín rẹ̀, tó ń fi àjẹ̀ gé omi ní àgékúrú bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń gé e, láìta omi sí ẹnikẹ́ni lára.

Bùkọ́lá ni, ìyàwó Káyọ̀dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní mo kú ará fẹ́ra kù. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

"Ọjọ́bọ̀ ni Màmá máa ń wá kọ́ mi," ló wí. "Imú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí. Àwọn ọkùnrin ibí kọ́kọ́ ní àwọn ò lè wọ̀ ọ́. Màmá ní kí n má dá wọn lóhùn."

Ó ní kí n wọlé, kó gbé mi sọdá kí n lè rí òdìkejì odò. Èmi nìkan ni èrò. Nígbà tí a dé àárín odò, ó dá ọwọ́ dúró. Ó wò mí díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ibòmíràn, bí ẹni tó fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an tipẹ́.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ló wí. "Màmá ló rán mi. Wọ́n ní ẹ máa wá lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí àwọn bá lọ, pé ẹ ò ní tíì sunkún nítorí iṣẹ́ ni ẹ fi máa ń bo ìbànújẹ́. Wọ́n ní kí n gbé yín dé àárín gbùngbùn, kí n dúró, kí n má wo ojú yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ máa sun ún, pé odò ò ní mọ̀ pé omi lé."